Ẹ Má Gbé Apá Yẹn Sókè Mọ́

  

Ọ̀rọ̀ apá gbígbé ni mo bá wá lónìí, ẹ̀yin èèyàn wa ní Redan àti gbogbo ibi tí ohùn wa ń dé yí Atlanta ká. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ wo bésíbọ́ọ̀lù rí ní Truist Park, pápá ẹgbẹ́ Braves ti Atlanta, á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Eré á dé ibi tó ti gbóná, wọ́n á dín iná pápá kù, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kì-kì-kì, àwọn èèyàn tó lé ní 40,000 á na apá síwájú, wọ́n á máa gbé e sókè, wọ́n á máa sọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó ń fi àáké ṣá nǹkan. Wọ́n á sì máa kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ohùn òòò ni ṣáá. Tomahawk Chop lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Àáké kékeré ọwọ́ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni tomahawk. Àwọn onílẹ̀ tí mò ń wí ni àwọn tí òyìnbó bá lórí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n sọ lórúkọ Íńdíà.

Àwọn ọmọ wa ń gbé apá yẹn. Àwa òbí náà ń gbé e, à ń yà á sí fóònù, à ń fi ránṣẹ́ sílé pé ẹ wá wo bí a ṣe ń gbádùn ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: nǹkan ẹlòmíràn ni, ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti sọ pé ó ń dun àwọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo wá ba eré jẹ́. Ní Redan níbí, bésíbọ́ọ̀lù ti di eré ìdílé. Ilé ẹ̀kọ́ Redan High School ti tọ́ ọmọ tó dé ìpele tó ga jù lọ nínú eré náà: Wally Joyner nígbà kan, lẹ́yìn náà Brandon Phillips, Chris Nelson àti Domonic Brown. Lọ́dún 2013, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ Georgia, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti pa bésíbọ́ọ̀lù tì. Phillips fúnra rẹ̀ wọ aṣọ Braves lọ́dún 2017, ọdún tí wọ́n ṣí pápá tuntun yẹn. Ọmọ tó bá ń dàgbà ní àdúgbò yìí, ó rọrùn fún un láti fọkàn fẹ́ Braves.

Àwa àgbà náà sì nídìí tí a fi lè fẹ́ wọn. Hank Aaron ni ìdí tèmi. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1974, ní Atlanta níbí, ó gbá home run rẹ̀ tó di 715, ó kọjá 714 tí Babe Ruth fi sílẹ̀. Ẹ rántí pé kó tó di ọjọ́ yẹn, lẹ́tà ikú ń wọlé sí i lójoojúmọ́, torí pé aláwọ̀ dúdú ni, àwọn kan ò sì fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gba ipò òyìnbó yẹn. Ọkùnrin yẹn gbéra nílẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó sáré yípo, ó sì fi iyì sínú aṣọ Braves tí kò ní í kúrò níbẹ̀ láé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi bu ọlá fún ẹni tí wọ́n kórìíra nítorí ẹ̀yà rẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ òun náà la ó wọ̀ nígbà tí a bá ń fi ẹ̀yà mìíràn ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí nǹkan yìí ti wá. Orúkọ Braves, láti Boston ni wọ́n ti gbé e wá. Lọ́dún 1912, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà náà, James Gaffney, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní New York tí wọ́n ń pè ní Tammany Hall. Ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn ló ń fi àwòrán olóyè àwọn onílẹ̀ ṣe àmì. Bí ó ṣe di orúkọ ẹgbẹ́ eléré nìyẹn. Wọ́n kó o lọ sí Milwaukee lọ́dún 1953, wọ́n sì kó o wá sí Atlanta lọ́dún 1966. Ẹnikẹ́ni ò bi àwọn onílẹ̀ Georgia léèrè.

Nígbà tí wọ́n dé ibí, wọ́n pa àgọ́ kan sáàárín ìjókòó àwọn òǹwòran, wọ́n fi ọkùnrin kan sínú ẹ̀, wọ́n pè é ní Chief Noc-A-Homa. Bí Braves bá gbá home run, á jáde látinú àgọ́, á jó. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn pẹ́ jù ni Levi Walker, onílẹ̀ gidi, ọmọ ẹ̀yà Odawa láti Michigan, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí ohun tó burú ńbẹ̀. Mi ò ní bú u. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: irú àgọ́ yẹn, àwọn onílẹ̀ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó jìnnà réré sí ìwọ̀ oòrùn ló ń gbé inú ẹ̀. Àwọn onílẹ̀ Georgia kò gbé inú àgọ́ aláwọ rí. Ilé ni wọ́n ń kọ́, ilé onígi, ìlú tó ní gbàgede àti ilé ìgbìmọ̀. Ẹni tó gbé àgọ́ yẹn kalẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kò sì bìkítà láti mọ̀. Lọ́dún 1982 wọ́n tú u kúrò kí wọ́n lè rí àga púpọ̀ tà, ẹgbẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù léraléra, àwọn olólùfẹ́ ní àfi kí wọ́n dá a padà, wọ́n sì dá a padà. Ilé àwọn ẹlòmíràn ti di oògùn àwúre lọ́wọ́ wọn.

Apá gbígbé yẹn ní tirẹ̀, láti yunifásítì Florida State ló ti wá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989. Nígbà tí Deion Sanders, tó jáde níbẹ̀, wá gbá bọ́ọ̀lù fún Braves lọ́dún 1991, obìnrin tó ń tẹ dùùrù ní pápá fi orin yẹn kí i káàbọ̀, ó sì tàn ká bí iná ọyẹ́. Ọdún yẹn ni Braves kọ́kọ́ dé ìdíje àṣekágbá láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní Atlanta. Ted Turner tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà náà gbé apá, Jane Fonda, òṣèré fíìmù, gbé apá, Ààrẹ àná Jimmy Carter, èèyàn jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí olùfẹ́ àlàáfíà, òun náà gbé apá. Mo dárúkọ wọn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èèyàn dáadáa lè ṣe é láìní ìkórìíra kankan lọ́kàn. Nígbà tí ìdíje náà dé Minneapolis, àwọn onílẹ̀ tó ń gbé níbẹ̀ jáde, wọ́n dúró síta pápá, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe báyìí sí wa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Orin tí wọ́n ń kọ yẹn ńkọ́? Kò sí ẹ̀yà onílẹ̀ kankan tó ni ín. Orin tí sinimá òyìnbó àtijọ́ ń lù nígbà tí àwọn onílẹ̀ bá fẹ́ jáde látinú igbó wá pa akọni fíìmù ni ohùn rẹ̀ jọ. Ìyẹn ni pé ọmọ wa tó ń kọ ọ́ ní pápá kò tíì kọ́ ohunkóhun nípa àwọn tó ń sín jẹ. Ohun tí àwọn ọ̀tá wọn rò nípa wọn ló ń kọ lórin.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilẹ̀ tí a wà lórí ẹ̀ gan-an, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ra ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ DeKalb níbí, a sì mọ orúkọ ẹni tó ta ilé fún wa nìkan. Àpáta ńlá Stone Mountain tí ẹ̀ ń wò lókèèrè bẹ́ ẹ bá ti jáde ní Redan, ojú ọ̀nà àwọn Muscogee, onílẹ̀ ibí yìí, ló wà. Lọ́dún 1790, ibẹ̀ làwọn olóyè Muscogee ti bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì Marinus Willett, tí Ààrẹ George Washington rán níṣẹ́, pàdé kí wọ́n tó gbéra lọ sí New York láti bá ìjọba Amẹ́ríkà dá májẹ̀mú. Májẹ̀mú ọba sí ọba ni. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1821, wọ́n gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ wọn nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Indian Springs, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì dá DeKalb sílẹ̀ lé e lórí. Lórí àpáta kan náà lónìí, àwòrán àwọn aṣáájú tó jà kí oko ẹrú má bàa parẹ́ ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Àwọn Muscogee kò ní àwòrán kankan níbẹ̀.

Ilẹ̀ tó wà lápá àríwá Georgia, àwọn Cherokee ló ni ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ fetí sí èyí. Lọ́dún 1821, ọkùnrin Cherokee kan tó ń jẹ́ Sequoyah, tí kò mọ èdè òyìnbó kà, parí àmì ìkọ̀wé tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá fún èdè ìyá rẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ Cherokee ti mọ̀wé. Wọ́n kọ ìwé òfin ìlú ní 1827. Ní oṣù kejì ọdún 1828, wọ́n tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, Cherokee Phoenix, ní New Echota, olú-ìlú wọn ní Georgia níbí. Ìwé Ìròyìn tiwa ní Abẹ́òkúta, 1859 ló jáde. Wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ṣáájú wa. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi àáké fóòmù ọwọ́ òǹwòran ṣàpèjúwe lónìí, oníwèé-ìròyìn ni wọ́n.

Wọ́n wá rí wúrà ní ilẹ̀ Cherokee ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní 1830, Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ọdún tí àwọn baba yín ń sá àsálà lọ sábẹ́ Olúmọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn Cherokee àti Georgia dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn Cherokee láre ní 1832. Ìdáláre náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Georgia pín oko wọn àti ilé wọn fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì fi tẹ́tẹ́ pín in, ẹni tí kèké bá mú ló ni ilé, bí ẹni tó kọ́ ọ tilẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Ní 1838, ṣọ́jà dé. Wọ́n kó ìyá àti ọmọ, arúgbó àti aláìsàn, wọ́n rọ́ wọn sínú ọgbà, wọ́n sì dà wọ́n sọ́nà Oklahoma. Nǹkan bí 16,000 èèyàn ni wọ́n lé. Bí 4,000 ló kú. Ọ̀nà Ẹkún ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn di òní. Wọ́n ti lé àwọn Muscogee ní tiwọn lọ ṣáájú.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín ní Truist Park pé òun ò rí Muscogee kankan níbẹ̀ tó ń bínú, ẹ bi í pé ta ló kó wọn lọ. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò ní í gbàgbé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọ̀kan nínú ọmọ àwọn tí wọ́n lé lọ padà wá. Ryan Helsley, ọmọ Cherokee láti Tahlequah ní Oklahoma, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún St. Louis Cardinals tó wá bá Braves figagbága. Ó dúró láàárín pápá, 40,000 èèyàn ń gbé apá sí i. Ẹ ro ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà: ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lé àwọn baba ńlá rẹ̀ jáde, òun ló wá wò ó tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn eré, ó sọ fún oníròyìn pé ìwà àìlọ́wọ̀ ni, pé kò fi irú èèyàn tí Cherokee jẹ́ hàn. Kò pariwo. Ní ọjọ́ 9 oṣù yẹn, tí wọ́n fẹ́ gbá eré tó máa yanjú ọ̀rọ̀, Braves kéde pé àwọn ò ní í kó àáké fóòmù sórí àga àwọn òǹwòran fún eré náà. Cardinals na Braves ní 13 sí 1 lọ́jọ́ náà.

Ní 2020, nígbà tí gbogbo Amẹ́ríkà ń yẹ ara rẹ̀ wò, ẹgbẹ́ futubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Washington ju orúkọ èébú tí wọ́n fi ń pe àwọn onílẹ̀ dànù. Ní 2021, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Cleveland kéde pé Guardians ni àwọn á máa jẹ́. Braves ní àwọn ò ní í yí orúkọ padà. Nígbà tí Hank Aaron kú ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn olólùfẹ́ kan ní kí wọ́n fi ìnagijẹ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ náà ní Hammers, èrò tó dára lójú mi, kò sì sẹ́ni tó gbà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Braves dé ìdíje àṣekágbá, wọ́n sì borí. Gbogbo ayé rí apá tó ń lọ sókè sódò. Kọmíṣọ́nnà bésíbọ́ọ̀lù, Rob Manfred, ní àwọn onílẹ̀ agbègbè yìí fara mọ́ ọn pátápátá. Fawn Sharp, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn onílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà, dáhùn pé rárá, àwọn ò fara mọ́ ọn. Agbẹnusọ ìjọba Muscogee ní Oklahoma, àwọn tí wọ́n ni DeKalb yìí gan-an, sọ pé báyìí kọ́ ni àwọn ń fẹ́ kí ayé máa rí àwọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa pè mí lẹ́yìn ètò yìí láti rán mi létí Richard Sneed, tó jẹ́ olóyè àgbà àwọn Cherokee tó ṣẹ́ kù sórí òkè North Carolina nígbà náà. Ó sọ pé ẹni tó ń ju apá níbi eré kò ṣe òun ní nǹkan kan, pé òṣì àti àìríṣẹ́ṣe àwọn èèyàn òun ló ká òun lára. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó lè sọ̀rọ̀ fún ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ láàárín ẹbí, tí ẹ̀gbọ́n sọ pé kò dun òun, tí àbúrò sì ń sunkún pé ó dun òun, nílé tiwa, ta la máa ń gbọ́ tirẹ̀? A ò ní í sọ fún ẹni tó ń sunkún pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ yin Braves níbi tó yẹ kí n yìn wọ́n. Pẹ̀lú àwọn Cherokee ti North Carolina yẹn, wọ́n ti ṣe aṣọ kan jáde tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Cherokee sí láyà, pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé tí Sequoyah ṣẹ̀dá, owó rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní èdè náà. Ẹ wo ìyàtọ̀ o! Àwọn tó ni nǹkan jókòó sídìí ẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a wọ̀, èdè wọn sì jèrè. Ọmọ Redan tó bá wọ aṣọ yẹn lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ohun tó lè kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Florida State náà, tí gbogbo nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán wọ́n lọ bá àwọn Seminole, onílẹ̀ Florida, ìgbìmọ̀ Seminole sì fọwọ́ sí i ní 2005 pé kí wọ́n máa lo orúkọ àwọn. Mi ò gba ti gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kan ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti wọlé kí wọ́n tó kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e délé wa. Ká ní àwọn ará Yúróòpù kan wá dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nílẹ̀ wa, wọ́n pè é ní Egúngún. Òǹwòran 40,000 lẹ agọ̀ bébà mọ́ ojú, wọ́n di pàṣán fóòmù mú, bíà wà lọ́wọ́ kejì, wọ́n ń ha ohùn bíi ti ará ọ̀run, inú wọn ń dùn. Wọ́n sì ṣe èyí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti lé gbogbo ará Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn kúrò, kí ọmọ Ọlọ́jẹ̀ kankan má sí níbẹ̀ láti sọ pé ẹ dúró ná. Púpọ̀ nínú wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, púpọ̀ ń lọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀pọ̀ ò sì ní í jáde wo egúngún mọ́. Ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá wa fi gbé wa jó kún fún Ọ̀jẹ̀, fún Ògún, fún Ọ̀ṣun. Ara wa máa ta, àti pásítọ̀, àti lèmọ́mù.

Àwa kì í sì í ṣe ahun èèyàn. Ẹ lọ sí òde ìgbéyàwó Yorùbá èyíkéyìí ní Atlanta níbí, ẹ ó rí ará Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n de fìlà, inú wa a sì máa dùn débi pé a ó máa ná owó lé wọn lórí. Aṣọ ẹbí la fún wọn, a pè wọ́n wọlé, ìyá kan ló bá wọn wé e. Beyoncé, olórin Amẹ́ríkà, fi àwòrán Ọ̀ṣun ṣe fídíò Lemonade lọ́dún 2016, àwọn kan ń ráhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó kun ara àwọn oníjó rẹ̀ ní funfun nínú fídíò yẹn: Láolú Sẹ̀ǹbáńjọ ni, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Ìlọrin. Ó pe ọmọ onílé síṣẹ́, ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn, iṣẹ́ ọmọ náà sì gbòòrò kárí ayé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ní South Carolina, abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà, tí Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1970. Ọmọ Detroit ni. Àwọn kan nínú wa a máa wo àwọn ará abúlé yẹn bí ẹni tó jí nǹkan wa. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó baba rẹ̀ lọ, tó fi ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan wá ọ̀nà ilé, olè ni? Baba yẹn tilẹ̀ gbéra lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ní 1981 sì ni wọ́n fi í joyè níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀.

Ohun tí a sì ń bèèrè lọ́wọ́ ayé yìí, àwa náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nínú fíìmù wa, ọmọ Hausa ni mègúàdì tí kò gbọ́ èdè, ọmọ Ìbò ni ẹni tí owó máa ń pa bí ọtí, ọmọ Calabar ni ọmọ ọ̀dọ̀. A ti ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì. Babaláwo fúnra rẹ̀, ọ̀mọ̀wé tó há ẹsẹ̀ Ifá sórí, nínú sinimá tiwa ló ti di oníṣẹ́ ibi, pẹ̀lú aṣọ pupa àti igbá ẹ̀jẹ̀. Àti pé ní Redan yìí, níbi tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó gbà wá ládùúgbò, ṣe ẹ ò tíì gbọ́ kí Yorùbá jókòó sí pálọ̀ kó máa pe wọ́n ní àkátá, lójú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí kíláàsì? Ọmọ gbọ́. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ dópin. Àwọn ló jà kí àwa tó rí ibi wọlé sí.

Nítorí náà, kí la fẹ́ ṣe? Eré ṣì ń bọ̀, àwọn ọmọ á fẹ́ lọ. Ẹ gbé wọn lọ. Ẹ tètè gbéra, torí ọkọ̀ ojú irin MARTA kò dé Cobb níbi tí wọ́n gbé pápá yẹn lọ, ọ̀nà sì máa ń dí. Ẹ wọ aṣọ Braves, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ hó títí ohùn á fi há. Bí ìlù yẹn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fi apá yín sílẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé, kò ní í gbà yín ní ìṣẹ́jú méjì láti dá a lóhùn: àwọn tí wọ́n ń sín jẹ yìí ló ni ilẹ̀ tí ilé wa wà lórí ẹ̀, wọ́n lé wọn lọ, wọ́n sì ti ní kí a má ṣe é. Ọmọ ọdún méje á gbọ́ ọ yé. Ẹ má ṣe bá ẹni tó jókòó tì yín jà o. Ó ti ń ṣe é láti kékeré, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bó bá bi yín, ẹ sọ fún un pẹ̀lú sùúrù.

Ohun kan ṣì kù. Ní Macon, tí kò ju nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ láti Redan, ọgbà ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Ocmulgee Mounds. Òkìtì ilẹ̀ gìrìwò ló wà níbẹ̀, tí àwọn baba ńlá Muscogee fi ọwọ́ kó jọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn onílẹ̀, àwọn Muscogee pẹ̀lú, ń wá láti Oklahoma àti ibòmíràn, wọ́n á jó ijó tiwọn fúnra wọn, wọ́n á kọ orin tó ní ọ̀rọ̀ nínú, wọ́n á pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n á sì dá ẹni tó bá ní ìbéèrè lóhùn. Àwọn tó ni ilé ló pe àlejò. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ rí, ẹ pè wá lórí ìlà wa lẹ́yìn ìpolówó yìí, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa, àti iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, káwọn òbí lè mọ bí wọ́n á ṣe múra sílẹ̀.